Orin Ìwẹ̀ Inú Rédíò

"Má mira, Àsmá'ù. Bí o bá ń yí kiri báyìí, apá kan aṣọ ìdánwò rẹ yóò gùn ju èkejì lọ."

Bàbá Télọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Lásúnkànmí ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Télọ̀ ni gbogbo Ìfọ̀ ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ibùdókọ̀ ojú irin, òun nìkan ló sì ní rédíò ní àdúgbò náà lọ́dún 1953. Orí tábìlì gíga kan ni rédíò yìí máa ń wà, pẹ̀lú bátìrì ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbàlagbà á kó bẹ́ǹṣì síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn á máa gbọ́ ìròyìn, wọn á sì máa bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àpótí náà jiyàn bí ẹni pé ó lè dá wọn lóhùn.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà, aago mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Rédíò bẹ̀rẹ̀ orin àwọn obìnrin kan. Àtẹ́wọ́ nìkan ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Obìnrin kan ń lé e, àwọn yòókù ń gbè é:

Omi kò ní jẹ ọ́, di ojú rẹ,
Igbá méje péré ni n ó dà.
Ọ̀kan fún orí, èjì fún etí,
Ẹ̀ta fún ọrùn, ẹ̀rin fún àyà,
Àrún fún ẹsẹ̀ tí kì í gbélé.
Ẹ̀fà dà? Ẹ̀fà ti sá wọlé!
Èje fún ìyá tó ń lé e kiri.

Apá Àsmá'ù tó nà sókè já wálẹ̀. Lójú kan náà, kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ti padà di ọmọ ọdún márùn-ún, ó dúró lórí òkúta pẹrẹsẹ ẹ̀yìnkùlé, ọṣẹ dúdú ń ta á lójú, ìyá rẹ̀ sì ń fi igbá bu omi lé e lórí. Bí ó bá ti kan igbá kẹfà, ara rẹ̀ kì í gbà á mọ́. Á bọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, á sá wọlé níhòòhò, pẹ̀lú ọṣẹ lára. Ìyá rẹ̀ á gbé igbá, á máa lé e, á máa rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa ro ó. "Ẹ̀fà fún ikùn" ni orin náà ń sọ tẹ́lẹ̀. Nítorí sísá yìí ni ìyá rẹ̀ ṣe yí i padà. Kò sí ìyá mìíràn láyé tó lè kọ ọ́ báyẹn.

Orin parí. Ẹni tó ń darí ètò la ẹnu láti sọ ibi tí àwọn obìnrin náà ti wá. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Èkó fọn fèrè wọ ibùdókọ̀, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ń gbọ̀n. Gbogbo ohun tí Àsmá'ù gbọ́ kò ju "àwọn obìnrin ìlú…" lọ.

"Bàbá Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo ni wọ́n pè?"

"Ta ló gbọ́ nǹkan kan nínú ariwo yìí? Irú orin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sí i ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin. Bóyá wọ́n á tún un kọ lọ́jọ́ mìíràn. Na apá rẹ, ọmọ yìí!"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Àsmá'ù. Bàbá rẹ̀, Ṣàmsúdéènì, jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùweè, òun ló ń yí ojú irin padà ní ibùdókọ̀ Ìfọ̀ kí ọkọ̀ lè gba ọ̀nà tó yẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀kọ ni obìnrin yìí ń ṣe tà, nítorí náà Ìyá Ẹlẹ́kọ ni tilé toko mọ̀ ọ́n sí. Kò bímọ rí, Àsmá'ù sì ni ojú tó fi ń ríran. Ohun tí wọ́n sọ fún Àsmá'ù nípa ìyá tó bí i kò pọ̀: Fàúsátù ni orúkọ rẹ̀, nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọdún mẹ́fà ló kó ẹrù rẹ̀, ó sì bá ọkùnrin mìíràn lọ sí Kùmásí. Ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ yẹn nínú ilé, Ìyá Ẹlẹ́kọ á bú sẹ́kún, bàbá rẹ̀ á sì dìde jáde. Bí Àsmá'ù ṣe kọ́ láti má béèrè nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá wà ní Kùmásí, báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe dé inú rédíò wa níbí? Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kó lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ìṣòro kan wà. Ìdánwò ìwé mẹ́fà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, Tíṣà Fọláwẹ̀mí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe é ní ẹ̀kọ́ àfikún ní aago mẹ́rin lójoojúmọ́ láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ọmọbìnrin méjì péré ló wà nínú wọn. Tíṣà ti sọ fún Àsmá'ù pé bí ó bá ṣe dáadáa, òun fúnra òun yóò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó lè lọ sí ilé ìwé àwọn olùkọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àsmá'ù lọ bá Tíṣà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ìyá Ẹlẹ́kọ kò gbádùn. Èmi ni mò ń bá wọn sẹ́ ògì. N kò ní lè dúró lónìí."

"Áà! Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Ẹ̀yìn ni, sà."

"Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Máa lọ. Ọmọ dáadáa ni ọ́."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn gún un láyà, ṣùgbọ́n ó lọ. Ó jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀, ó lẹ etí mọ́ pákó ògiri. Orin mìíràn ni wọ́n kọ lọ́jọ́ náà. Lọ́sẹ̀ kejì, orin àwọn ọdẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ọjọ́ mìíràn ni wọ́n á tún un kọ, ló bá ń lọ ní ọjọ́ Ajé, ó ń lọ ní Ọjọ́rú. Ẹ̀yìn Ìyá Ẹlẹ́kọ tí kò dun ẹnikẹ́ni wá ń burú sí i lójoojúmọ́ lẹ́nu Àsmá'ù. Nílé, ó ń sọ pé ẹ̀kọ́ àfikún lòun ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò kékeré nínú kíláàsì, ó gba méjìlá nínú ogójì nínú ìṣirò, ẹni tí kò gba ohun tó kéré sí ọgbọ̀n rí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá Télọ̀ ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Àgbàdo, ó di ọjọ́ Àìkú kó tó dé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ, nítorí pé ilé wọn ló sún mọ́ ọn jù. Ìyá Ẹlẹ́kọ fi í kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Láti ìgbà náà ni ojú Àsmá'ù kò ti kúrò lára ìṣó yẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́kọ gbé igbá ẹ̀kọ lọ sọ́jà, ó mú kọ́kọ́rọ́. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù láti ẹ̀yìn, ó tan rédíò. Ó yí bọ́tìnnì sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó gbọ́ òyìnbó, ó gbọ́ ariwo bí ẹni ń dín epo, ó gbọ́ Hausa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí Yorùbá ni ẹnì kan kan ìlẹ̀kùn iwájú.

"Bàbá Télọ̀! Ṣé ẹ ti dé ni?"

Jìnnìjìnnì bò ó. Ó yí ohùn rédíò wálẹ̀ títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó yọ́ jáde láti ẹ̀yìn, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì sá lọ sílé. Kò rántí pé ohùn nìkan lòun yí wálẹ̀, òun kò pa rédíò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ariwo ló gba iwájú ibùdókọ̀. Bátìrì rédíò ti kú. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Bàbá Télọ̀ rà á lọ́wọ́ Mùsáfírù, ọkùnrin tó ń ta kẹrosíìnì, tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì nítòsí wọn.

"Ògbólógbòó bátìrì lo tà fún mi!" Bàbá Télọ̀ ń pariwo. "Èmi tí mo pa á kí n tó lọ sí Àgbàdo! O ti rẹ́ mi jẹ!"

"Bàbá Télọ̀, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́," ni Mùsáfírù ń wí. "Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tajà níbí. Ta ni mo rẹ́ jẹ rí?"

Àwọn èèyàn ti ń kóra jọ. Obìnrin kan ní òun náà fura sí tọ́ọ̀ṣì tóun rà. Ọkùnrin kan dá tirẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń pe Mùsáfírù ní "Alábòsí" lójú ọ̀nà. Níkẹyìn ó ní òun yóò wá búra pẹ̀lú Kùránì ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìrun Ásárì, kí gbogbo ìlú gbọ́. Àsmá'ù rí ìjà náà nígbà tó ń lọ sílé ìwé, ó sì gbọ́ ìyókù nígbà tó ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Tíṣà Fọláwẹ̀mí mú ọsàn mẹ́wàá dání, ó wá kí aláìsàn. Ó bá Ìyá Ẹlẹ́kọ nídìí iná, tó ń ro ẹ̀kọ nínú ìkòkò ńlá, tó sì ń kọrin.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ̀yìn yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn mi? Kí ló ṣe ẹ̀yìn mi, Tíṣà? Ó wà níbi tó wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi!"

Àsmá'ù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́.

Lẹ́yìn ìrun Mágàrìbì, bàbá rẹ̀ jókòó lórí àga, Ìyá Ẹlẹ́kọ jókòó lórí àpótí, Àsmá'ù kúnlẹ̀ láàárín wọn. Tíṣà náà wà níbẹ̀.

"Ìgbà wo lo kẹ́kọ̀ọ́ àfikún kẹ́yìn?" ni bàbá rẹ̀ béèrè. "Níbo lo sì ń lọ?"

Àsmá'ù lè sọ pé òun ń ṣeré ni. Wọn á nà án, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀rọ̀ rédíò. Ṣùgbọ́n ó rí ojú Mùsáfírù níwájú rẹ̀, bí ó ṣe rí láàárọ̀ nígbà tí oníbàárà kan ń dá tọ́ọ̀ṣì padà sórí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Bàbá Télọ̀ ni mo máa ń lọ," ló wí. "Bátìrì yẹn, Bọ̀ọ̀dá Mùsáfírù kò rẹ́ wọn jẹ. Èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo tan rédíò, tí n kò pa á."

Ìyá Ẹlẹ́kọ fi ọwọ́ lé àyà. Ṣàmsúdéènì dìde láti orí àga. "Rédíò? Kí lo ń wá nínú rédíò?"

"Orin màmá mi." Omijé ti ń dà lójú rẹ̀. "Mo gbọ́ orin tí wọ́n fi máa ń wẹ̀ mí. Ohùn wọn ni, Bàbá. Ẹ̀fà ti sá wọlé, báyẹn ni wọ́n ṣe kọ ọ́."

Ṣàmsúdéènì jókòó padà. Òun náà mọ orin yẹn. Òun ni ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti mú ọmọ tó ń sá bọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lára.

"Orin Kùmásí kọ́ nìyẹn," ni Tíṣà sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Àwọn obìnrin àyíká wa níbí ni wọ́n ń gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ètò náà. Mo gbọ́ èyí tó ń wí lọ́jọ́ náà nínú rédíò ọ̀rẹ́ mi kan ní òdì kejì ìlú. Àwọn obìnrin Mòwé ni wọ́n pè."

Ìgbà náà ni Ìyá Ẹlẹ́kọ bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò dákẹ́ síbẹ̀.

"Kò lọ sí Kùmásí," ló wí. "Ṣàmsù, àbúrò mi, kò lọ síbì kan. Nígbà tí wọ́n gbé ọ lọ ṣiṣẹ́ ní Jẹ́bbà, èmi pẹ̀lú rẹ̀ jà. Ó fi ìbínú lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Mòwé. Ó padà wá mú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sọ fún un pé o kọ lẹ́tà wá, pé o ti kọ̀ ọ́, pé o ní kó má fojú kan ọmọ mọ́. Kò mọ̀wé, ó sì gbà mí gbọ́. Nígbà tí ìwọ náà dé, mo pa irọ́ Kùmásí fún ọ. Ẹ̀rù bà mí ni. Mo rò pé bí ó bá mú ọmọ lọ, èmi nìkan ni yóò kù nínú ilé yìí. Aṣọ Iléyá tí mò ń fún Àsmá'ù lọ́dọọdún, màmá rẹ̀ ló ń fi í rán obìnrin kan tó ń ta obì."

Ara rẹ̀ ni Ṣàmsúdéènì dá lẹ́bi. "Èmi ni ó yẹ kí n lọ béèrè. Ojú ló tì mí. Mo jẹ́ kí ìtìjú gba ọdún mẹ́jọ lọ́wọ́ mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìrun Ásárì tó tó, Àsmá'ù kúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù lójú gbogbo èèyàn, bàbá rẹ̀ dúró tì í. Ó sọ ohun tó ṣe, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Bàbá Télọ̀ ṣí fìlà, ó lọ bá Mùsáfírù, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin tí òun fi ọdún mẹ́wàá jù.

"Ẹ dìde, ẹ dìde," ni Mùsáfírù ń wí, tó ń fà á lápá. Ó mí kanlẹ̀, ó nu ojú, ó sì yíjú sí Àsmá'ù. "Bí o bá dákẹ́ dọ̀la, n bá ti kó ẹrù mi kúrò nílùú yìí. O ṣeun tó o sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Bàbá Télọ̀ kò nà án. Ó ní ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta títí ìdánwò yóò fi parí, kó máa wá rán bọ́tìnnì àti ihò bọ́tìnnì fún òun. Ó rán an títí orí ìka rẹ̀ fi le.

Èyí tó dùn ún jù ni pé bàbá rẹ̀ kò mú un lọ sí Mòwé. "O ti pàdánù ẹ̀kọ́ tó pọ̀. Jókòó kí o kàwé. Èmi ni mo ní láti lọ tọrọ àforíjì." Ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó gbé kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀ ojú irin dé Àgbàdo, láti ibẹ̀ ló ti gun kẹ̀kẹ́ gba ojú ọ̀nà oko kọjá Ìbàfò. Ọjọ́ mẹ́ta ni Àsmá'ù fi ń ṣe ìṣirò pẹ̀lú Tíṣà, tí gbogbo fèrè ọkọ̀ sì ń já a láyà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ láti Èkó dúró. Ṣàmsúdéènì sọ̀kalẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn. Obìnrin kan tó ró aṣọ òkè àtijọ́ di ọwọ́ náà mú, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì dúró. Ó ń wo ọmọbìnrin gíga tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọmọ kékeré kan lára rẹ̀.

"Màmá mi," ni Àsmá'ù wí.

Fàúsátù sáré sí i. Ó gbá a mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lórí, létí, lọ́rùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí abúlé wa," ló wí nígbà tó rí ohùn lò. "Wọ́n ní kí a kọ orin tí a fi ń tọ́mọ. Òun nìkan ni mo ní. N kò mọ̀ pé ohùn lè rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀."

Nílé, Ìyá Ẹlẹ́kọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àgbà. Fàúsátù na ọwọ́ sí i.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Inú ń bí mi o, n kò ní purọ́ fún yín, yóò sì pẹ́ kó tó tán. Ṣùgbọ́n ọmọ mi sanra, ó mọ̀wé, ó sì mọ bí a ṣe ń sọ òótọ́ nígbà tó le. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi tọ́ ọ. Ẹ dìde kí a jọ jẹun."

Ìyá Ẹlẹ́kọ dìde. Àfi bí ẹni pé wọ́n gbé àpò yangan kúrò lórí gbogbo ilé náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Àsmá'ù sùn wọra.

Ó yege nínú ìdánwò náà, ṣùgbọ́n kò yege tó bí Tíṣà ṣe rò ó. Ilé ìwé àwọn olùkọ́ kò gbà á lọ́dún yẹn, ó dúró di ọdún kejì. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó mọ ibi tí ọdún kan náà lọ.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Àsmá'ù di olùkọ́ ní Àgbàdo. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá dúró níwájú rẹ̀, tó ń wá irọ́ tí yóò pa, kì í tètè mú pàṣán. Á fa àga sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á ní kó jókòó, á sì sọ fún un pé: "Ohun tí ọkàn rẹ ń wá lè má burú rárá. Irọ́ tí o fẹ́ fi wá a ló burú, nítorí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tó dàgbà jù ọ́ lọ. Bí ẹ̀rù bá tilẹ̀ ń bà ọ́, béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń purọ́ láti wá ohun tí olùkọ́ mi ìbá ti sọ fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo."